Bíbá Àgbàlagbà Ṣeré: Iṣẹ́ Tí Ó Ń Fẹ́ Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Libreville, ó di dandan kí a bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lójoojúmọ́ láìkà á sí iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, yálà ní ilé ìtọ́jú tàbí ní ilé àwọn ọmọ wọn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí ẹ bá ti wẹ̀ wọ́n tán, tí ẹ ti fún wọn lóúnjẹ, tí ẹ sì ti fọ aṣọ, agbanisíṣẹ́ a tún wí pé: "Ẹ máa bá wọn ṣeré díẹ̀." Kò ní sọ irú eré tí ó jẹ́, kò ní kọ́ yín bí a ti ń ṣe é, kò sì ní fi fáráǹkì kan kún owó oṣù yín nítorí rẹ̀.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nísinsìnyí kò fara sin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Gàbọ̀n kéde pé àjèjì kò gbọdọ̀ ṣe àwọn òwò kéékèèké kan mọ́: ọjà títà ní àdúgbò, títún fóònù ṣe, irun ṣíṣe ní ojú títì, àti àwọn mìíràn. Àwọn tí ó ti pẹ́ níhìn-ín yóò rántí ọdún 1978, nígbà tí a lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ yìí. Láti ìgbà ìkéde yìí ni àwọn obìnrin wa kan ti ń bi wá nípa iṣẹ́ ìtọ́jú. Ìdáhùn wa ni pé àjèjì tí yóò gba iṣẹ́ olówó oṣù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, àti pé ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ ni agbanisíṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ lé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tí mo fi ojú ara mi rí wá. Ìyá àgbà kan wà ní ìlú yìí tí ó ti ta aṣọ ní Mont-Bouët fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àrùn ìgbàgbé tó mú un. Ohun tí àwọn aládùúgbò ń wí ni pé ó ń ṣarán. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń gbé e jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí ń sọ èdè Faransé tí kò yé e mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù ọmọdé fún un. Ìyá bínú, ó jù ú nù. Ní ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ yìí gbé àǹkárá kan fún un kí ó bá òun ká a. Ìyá na aṣọ náà, ó fi apá wọ̀n ọ́n, ọ̀pá kan, ọ̀pá méjì, títí ó fi pé mẹ́fà; ó fọwọ́ pa á wò bóyá ojúlówó ni, ó sì bèèrè iye tí oníbàárà fẹ́ san. Ọgbọ́n orí ni òṣìṣẹ́ náà lò, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí ó fi ṣiṣẹ́, nítorí náà kò rí irú rẹ̀ ṣe fún àgbàlagbà tí ó tọ́jú lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni àgbàlagbà yìí ṣe rí? Èdè wo ni ó kọ́kọ́ fọ̀? Kí ni ó kórìíra? Báwo ni ọwọ́, ojú àti etí rẹ̀ ti rí? Lẹ́yìn èyí ni a ó tó yan eré. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ojú 12 ni ọpọ́n tiwa ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Àwọn Fang ilẹ̀ Gàbọ̀n ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní songo, ojú 14, ọmọ 70, márùn-ún-márùn-ún. Bí ẹ bá gbé ọpọ́n wa síwájú bàbá Fang kan, ó lè rò pé ẹ ti jí ojú méjì lára ọpọ́n òun! Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ a kí bàbá náà ní "Mbolo", a sì bèèrè kí ó tó gbé ọpọ́n jáde. Ó mọ̀ pé fífi ìka mú ọmọ ayò jẹ́ ìdárayá fún ọwọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di aláìlera. Ó mọ̀ pé ẹni tí ìka rẹ̀ kò gbéṣẹ́ mọ́ nílò ọmọ ayò tí ó tóbi, kì í ṣe pé kí a lé e kúrò nídìí ọpọ́n, àti pé ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti wọ̀ lára lè gbé ọmọ ayò sẹ́nu bí a kò bá ṣọ́ ọ. Nígbà tí eré bá parí, a kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó kópa, fún ìṣẹ́jú mélòó, kí ni ó dùn mọ́ ọn, kí ni ó rẹ̀ ẹ́.

Ìwádìí sì ti fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọdún 2003, Aimee Spector àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 201 tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà. Wọ́n kó àwọn kan jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké fún ìpàdé 14, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, ìṣẹ́jú 45 nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ìrántí àti ìgbádùn ayé àwọn tí ó ṣe ìpàdé sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbé ètò yìí wá sí Hai ní Tànsáníà àti sí Lálúpọn nítòsí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ kò mọ̀wé. Nítorí náà a yọ ohun tí ó gbára lé ìwé kíkà kúrò, a sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ nílé wọn rọ́pò.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé gbígbé òbí sí ilé ìtọ́jú kì í ṣe àṣà wa. A kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti lọ sí Paris, àwọn òbí sì kù sí Libreville. Ẹnìkan ni yóò bá wọn jókòó, òṣìṣẹ́ sì ni ẹni náà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, òfin ọdún 1987 lórí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà sọ ètò eré di dandan. Ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní kí ẹni tí ó tóótun máa darí rẹ̀: ó lè jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tí ó parí ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, tàbí ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ fiyè sí èyí tí ó kẹ́yìn. Ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò ṣòfò lójú òfin náà, a kò sì gbọdọ̀ gbà kí ó ṣòfò níhìn-ín.

Ohun tí a óò bèèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ ni pé kí a dá yín lẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò iṣẹ́ láìdín owó oṣù yín kù, kí ẹ̀kọ́ náà ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì ya wákàtí eré sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí ìwẹ̀ àti oúnjẹ. Láti ọdún 1974 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe Àdéhùn 140 lórí ìsinmi olówó fún ẹ̀kọ́, nítorí náà a kò bèèrè ohun àjèjì.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, eré tí ẹ ṣe àti ohun tí àgbàlagbà náà ṣe. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀, nítorí àṣírí rẹ̀ ni. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́ lálẹ́. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka yín, kí a lè gbé e síwájú agbanisíṣẹ́ nígbà ìjíròrò.