Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ìbọn Tuntun Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Dún



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ọ̀fà, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun. Ọmọ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni ó ra ìbọn olójú méjì fún baba rẹ̀, nítorí ọ̀yà àti ọ̀bọ tí kò jẹ́ kí àgbàdo gbó ní oko. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí baba kọ́kọ́ gbé e lọ sí oko, ọ̀yà yọ sí i. Ó fa ìbọn, ìbọn sì ró “kẹ́” lásán. Ó tún fà á: “kẹ́.” Nígbà tí ó padà dé ilé, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìdí ìbọn lé ilẹ̀, ó sì ń fi ojú wo ẹnu rẹ̀ láti mọ ohun tí ó dí i. Ọta wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, sì fi ara ti orúnkún rẹ̀, òun náà ń wò. Ìyá náà ní òun kígbe, òun sì fa ọmọ náà sẹ́yìn. Ó wá ń béèrè bóyá kí ọmọ àwọn dá ìbọn náà padà fún ẹni tí ó tà á.

Ìyá wa, ẹ má tíì dá a padà. Bí a ti rí ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó nu ìbọn yín kí a tó gbé e lọ sí oko.

Ẹni tí ó bá ra ìbọn tuntun a máa rò pé ó mọ́, nítorí ó ń dán. Ṣùgbọ́n irin tí yóò gba orí òkun kọjá, tí yóò sì pẹ́ nínú àpótí, kò lè ṣàìní ìpáàrà bí a kò bá fi nǹkan bò ó. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ìbọn fi ń fi gíríìsì tí ó ki kùn ún nínú àti lóde. Gíríìsì yìí wà fún ìrìn-àjò àti ìpamọ́. Kò wà fún iṣẹ́. Irin kékeré kan bí abẹ́rẹ́ wà nínú ìbọn, tí ń ta sí ìdí ọta láti mú un gbiná. Bí gíríìsì bá yí i ká, a máa rìn bí ẹni tí ń fa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Yóò kan ìdí ọta, ṣùgbọ́n kò ní kàn án le tó. Ìyẹn ni “kẹ́” tí baba gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ni ó burú jù, nítorí òtútù a máa mú gíríìsì dì. Bí ó bá sì pọ̀ nínú ihò ìbọn, ó lè dí ọ̀nà ọta, kí irin wú tàbí kí ó fọ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́.

Kì í ṣe òní ni ìbọn tí a ń ki láti ìdí dé ilẹ̀ wa. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí ó sì parí ní 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti Èkó, wọ́n sì fi da àwọn Ìbàdàn láàmú, tí wọ́n ń ki ìbọn tiwọn láti ẹnu. Ọ̀fà, tí ó wà lẹ́yìn Ìbàdàn, rí ìyà tirẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin ní àkókò náà. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ yára ju ṣakabùlà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú rẹ̀ pọ̀ jù, ìdọ̀tí díẹ̀ sì tó láti dá a dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àgbẹ̀ nìkan ni irú èyí ń bá. Nínú ogun Vietnam, láti nǹkan bí 1965, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìbọn tuntun kan, M16, lé àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lọ́wọ́. A ti sọ fún wọn pé kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ohun èlò ìnubọn gbà. A sì ti pààrọ̀ ẹ̀tù inú ọta sí irú èyí tí ń fi èérí púpọ̀ sílẹ̀. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí há. A bá òkú àwọn mìíràn pẹ̀lú ìbọn wọn ní títú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí wọ́n ń gbìyànjú láti yọ ohun tí ó há nígbà tí ọ̀tá dé bá wọn. Ní 1967, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì bá àwọn ọ̀gá ogun wí gidigidi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 6 nì kò kúrò ní ọkàn wa. Bí ìbọn bá kọ̀, kì í ṣe pé ó ti kú. Iná lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ọta, kí ó sì dún lẹ́yìn ìgbà tí a ti rò pé ó parí. Nítorí náà, bí ó bá ti ró “kẹ́”, kí baba kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó ka 60, kí ó tó ṣí i láti yọ ọta. Ohun tí ó bá sì dí ẹnu ìbọn, láti ìdí rẹ̀ ni a ti í wò ó, nígbà tí a bá ti yọ ọta tán.

Nísinsìnyí, nípa nínu rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣí i, kí a sì fi ojú àti ìka rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kí ọta wà ní yàrá mìíràn. Abẹ́ igi lóde ni kí a ti ṣe é, nítorí epo àtùpà ni a ó fi yọ gíríìsì, epo àtùpà kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ààrò. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí a fi àkísà rẹ̀ dáná.) Kí a yọ irin kúrò lára igi, kí a fi àkísà tí a rẹ sínú epo nu gbogbo ara rẹ̀, kí a sì fi ọ̀pá ti àkísà gba inú ihò rẹ̀, láti ìdí lọ sí ẹnu, kí ìdọ̀tí má baà padà sínú ẹ̀rọ. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ títí àkísà yóò fi jáde ní funfun. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi èyí tí ó gbẹ nù ún.

Òróró ni ó kàn, níhìn-ín sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí òróró bá ti pọ̀ tó ni ìbọn yóò ti dára tó. Ní Ọ̀fà, nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku káàkiri, òróró púpọ̀ a máa pe eruku mọ́ra, àwọn méjèèjì a sì di ẹrẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ó tilẹ̀ lè ṣàn dé ìdí ọta, kí ó ba ìgbiná rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kán kan níhìn-ín, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún, kí a fi ìka fà á tẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Òróró tí àwọn aránṣọ ń kán sí ẹ̀rọ wọn dára fún un. Kí a má ṣe lo epo pupa tàbí àdín. Bí wọ́n bá pẹ́, wọ́n a máa lẹ̀ bí oje igi.

Baba mi àgbà, tí ó jẹ́ ọdẹ, òrí ni ó fi ń kun ìbọn rẹ̀, ìbọn náà sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni tirẹ̀, ẹ̀tù dúdú ni ó ń lò, omi gbígbóná ni ó sì fi ń wẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ gbogbo ọjọ́ tí ó bá yìn ín. Omi gbígbóná nì ni àṣírí rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú a máa fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú irin, iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin, òróró nìkan kò sì lè mú un kúrò. Ẹni tí ó bá ṣì ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó gbẹ ẹ́ pátápátá, kí ó tó fi nǹkan kùn ún.

Kí a má ṣe fi ìbọn pamọ́ sínú àpò awọ, nítorí awọ a máa gba ọ̀rinrin mọ́ra. Kí ó wà ní ibi gbígbẹ tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà ní àrọ́wọ́tó, bí òfin ìbọn ti 1959 ti béèrè. Ọ̀fà kò tíì gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ilé ìfowópamọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú rere wo ìbọn tí a gbé lé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá nù ún tán, kí baba gbé e lọ sí oko, kí ó fi àkísà gbígbẹ gba inú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì yìn ín sí ògiri erùpẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá tún ró “kẹ́” pẹ̀lú ọta tuntun, ìgbà náà ni kí ọmọ yín mú ìwé owó tí ó fi rà á, kí ó sì dá a padà.