Èédú, Àlòkù Bébà àti Amọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilẹ̀ yìí, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sì ti ń kọ́ bí a ti ń sọ ọ́ kí a tó gba ìwé-ẹ̀rí: wọ́n ní kò sí ohun-èlò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a rán díẹ̀ nínú wa lọ láti fi kíkọ́ni dánra wò, wákàtí àwòrán wà lára ìlànà iṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ìṣirò ni àwọn ọmọ ń ṣe ní wákàtí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀. Nígbà tí a béèrè, a gbọ́ pé ọ̀dà kò sí, búrọ́ọ̀ṣì kò sí, bébà tí ó nípọn kò sí. Àwa kò lè fara mọ́ èyí. Bí a bá wo àwọn iṣẹ́ ọnà tí ọkàn wa fẹ́ràn jù lọ, a ó rí i pé ohun tí a fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ju ohun tí ọmọdé lè rí ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán yíyà. Ta ni ó kọ́ Aina Onabolu? A bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, nígbà tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí rẹ̀ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò tí ó sì ń yà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi já fáfá. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú àti ibi tí òjìji ń gbà ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀ a fẹ́ràn Akinola Lasekan ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tí ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot. Yíǹkì dúdú àti ìlà díẹ̀ ni, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè wò ó kí ó sì mọ ohun tí à ń bá ìjọba òyìnbó jà sí. Bí pẹ́ńsù bá wọ́n, èédú ń bẹ nídìí ààrò. Ohun tí ó bí wa nínú ni pé, níbi tí a bá ti ń kọ́ àwòrán pàápàá, olùkọ́ a ya máńgòrò sí pátákó, àwọn ọmọ a sì ya ti olùkọ́ tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni igi máńgòrò gan-an dúró lójú fèrèsé, kò sì sí ẹni tí ó bojú wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni iṣẹ́ gígé bébà tàbí aṣọ wẹ́wẹ́ kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ di àwòrán, èyí tí a ó máa pè ní àwòrán àlẹ̀mọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń fi í rẹ́rìn-ín pé eré ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Kí wọ́n gbọ́ nípa Henri Matisse, ará Faransé. Ní 1941 a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì lágbára láti dúró pẹ́ níwájú àwòrán mọ́. Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a kun bébà ní ọ̀dà, òun a sì fi àlùmọ́gàjí gé e láti orí ibùsùn tàbí orí àga, a tún máa tọ́ka sí ibi tí wọn yóò gbé ègé kọ̀ọ̀kan lé lára ògiri. Ní 1953, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ṣe èyí tí ó pè ní Ìgbín. Inú ìwé ni a ti rí i, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ni iṣẹ́ náà wà, a sì gbọ́ pé ó fẹ̀ tó mítà 3 ó dín díẹ̀ níhà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkarahun níbẹ̀, kò sì sí ìwo. Ègé bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi ni a tò yípo, ìgbà tí ojú bá sì ti bá wọn yípo tán ni ìgbín yọ sí ni. Lóòótọ́, ọ̀dà ni a fi kun bébà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá ti ní àwọ̀ lára ná, ẹ̀kọ tútù sì ń lẹ bébà dáadáa. Ní Òṣogbo níhìn-ín, Jimoh Buraimoh ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ adé ọba lẹ̀ mọ́ pátákó, ó sì sọ ọ́ di àwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ti amọ̀ ni ó wà lọ́kàn wa jù. Ẹni tí ó bá ní owó bébà náírà 20 lọ́wọ́, kí ó yí i sí ẹ̀yìn: obìnrin tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ni Ladi Kwali. Ọmọ Gbagyi ni, abúlé Kwali ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ. Kò lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò láti mọ ìkòkò ńlá. Ìkòkò a dúró sójú kan, òun ni ó ń yí i ká, tí ó ń fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè láti inú wá, tí ó sì ń lẹ okùn amọ̀ mọ́ etí rẹ̀ títí yóò fi ga. Lẹ́yìn èyí a fín aláǹgbá, àkeekèé, ọ̀nì àti ejò sí i lára. Ní 1954 ó wọ ilé-iṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń fi èròjà dídán bo àwọn ìkòkò rẹ̀ tí a sì ń fi iná líle sun wọ́n. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa, síbẹ̀ ní 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Kí ni ó wá dé tí a fi ń pe ti Onabolu ní iṣẹ́ ọnà tí a sì ń pe ti ìyá amọ̀kòkò ní ọjà títà? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onabolu fúnra rẹ̀ ni ó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ àwòrán mìíràn kún un. Kenneth Murray dé ní 1927, èrò tirẹ̀ sì yàtọ̀, pé kí àwọn ọmọ di iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn mú ṣinṣin. Títí di òní àwọn ènìyàn ń jiyàn lé wọn lórí. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ọmọ kan kò fi ní ya igi lówùúrọ̀ kí ó sì mọ ìkòkò lọ́sàn-án. Àwọn tí ó mọ orí alámọ̀ ti Ifẹ̀, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, mọ ojú ènìyàn í wò dájú, ọwọ́ wọn sì wà nínú ẹrẹ̀.

Àwọn ọ̀gá yóò wí pé amọ̀ a máa ba kíláàsì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni; kí a ṣe é lábẹ́ igi. Wọn yóò wí pé a kò mọ̀ ọ́n sun. Àwọn ìyá wa ní Ìlọrin kò kọ́ ilé gbígbóná kan. Igi àti koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kó bo ìkòkò ní gbangba, bí ó bá sì ti ń pọ́n yòò ni wọ́n ń wọ́n omi èèpo igbá sí i kí ó lè dúdú. Ohun tí ó léwu ni kí amọ̀ má gbẹ tán kí a tó ti iná bọ̀ ọ́, nítorí omi inú rẹ̀ yóò fọ́ ọ yángá. Kí a pe ìyá kan tí ó mọ iṣẹ́ náà wá sí kíláàsì, kí a fún un ní àga olùkọ́, kí àwa náà sì jókòó sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

A ti bá olórí ẹgbẹ́ sọ ọ́ pé kí a ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní òpin sáà yìí, kí ohunkóhun tí a bá fi owó rà má sì wọlé síbẹ̀. Àwa tí a wà ní ọdún kejì ti rí ibi tí amọ̀ tí ó dára wà létí odò, lẹ́yìn pápá ìṣeré. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì, kí ó mú un wá ní ọ̀sán Sátidé.