Wàrà Sóyà Nínú Omi Èso
Wàrà sóyà ló yẹ kí ó máa mú omi èso ki ní Joga-Orílé àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, kì í ṣe mílíìkì inú agolo. Sóyà kì í ṣe àlejò mọ́: ọdún 1908 ni wọ́n ti gbìn ín ní Moor Plantation, n'Ibadan, bẹ́ẹ̀ sì ni lódìkejì ẹnubodè, ní orílẹ̀-èdè Benin, wàrà rẹ̀ ti di oúnjẹ òpópónà. Wọ́n á rẹ sóyà mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì sè é kí ó hó dáadáa, nítorí èyí tí kò jinná kì í dà nínú bó ṣe yẹ. Omikan ògì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò mú un dì, kí wọ́n tó fi aṣọ fún un. Èyí tí wọn kò tíì dín ló dára jù. Epo ara wàrà díndín a máa ba adùn èso jẹ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú bílẹ́ńdà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mú un ki, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń bo òórùn sóyà mọ́lẹ̀. Èròjà amúaradàgbà inú gíráàmù 100 wàrà rírọ̀ tó gíráàmù 8, ó ju ìlọ́po méjì ti mílíìkì màlúù tútù lọ. Ẹni tí mílíìkì ń run nínú náà lè mu ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ni kí wọ́n mu ún tán, nítorí kíá ló ń kan níbi tí kò bá sí fíríìjì.