Ẹni Tí Ó Wà Nílé Ńkọ́?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Ní alẹ́ àná, ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ jù? Ṣé ẹni tí ó jókòó tì yín ni, àbí ẹni tí ó wà nínú fóònù?

N kò wá láti bú fóònù. Ẹni tí ó bá mọ bí Òkè-Ògùn ti rí kí fóònù tó dé kò ní bú u. Kí GSM tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ẹ̀rọ tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Bí ìyá bá ń ṣàìsàn ní Ṣakí, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, lẹ́tà ni wọn yóò kọ, wọn yóò fi rán awakọ̀ ní gáréèjì, wọn yóò sì máa gbàdúrà kí awakọ̀ náà má gbàgbé. Nígbà mìíràn ìròyìn àìsàn àti ìròyìn ikú a dé lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí GSM sì dé, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Ó tún pẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ọ̀pọ̀ abúlé wa. Nítorí náà ẹ̀bùn ńlá ni. Ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta nílé, nígbà tí àwọn òbí wọn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Èkó, mọ ohun tí ipè alẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ fún òun.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ tí ó mú ẹni tí ó jìnnà súnmọ́ wa ti ń mú ẹni tí ó wà nítòsí jìnnà sí wa.

Ẹ wo àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ náà láti ayébáyé. Bàbá ń hun aṣọ, ọmọ ń ká òwú, àbúrò ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ahunṣọ kì í sinmi, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹtù tàbí sányán tí ó ń hun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ àti etí rẹ̀ ṣófo. Ẹnu tí ó ṣófo yẹn ni ìtàn ìdílé ń gbà jáde, àti àwàdà, àti ìbáwí. Bákan náà ni nígbà tí a bá jókòó yí ẹ̀gúsí ká tí a ń bó o. Ó ń sú ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín a máa pọ̀ níbẹ̀. Àwọn baba wa kò dúró de àkókò ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó rí ìdùnnú. Inú iṣẹ́ ni wọ́n ti ń rí i. Rédíò pàápàá kò ba èyí jẹ́, nítorí gbogbo agboolé ló jọ ń gbọ́ ọ, a ó sì jọ máa jiyàn lórí ohun tí ó sọ. Fóònù nìkan ni ó ń gba ọwọ́, ojú, etí àti ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni márùn-ún lè wà nínú yàrá kan báyìí kí olúkúlùkù máa rẹ́rìn-ín sí ohun tirẹ̀.

Àwọn tí ó lówó jù wá lọ ti bá ọ̀rọ̀ yìí débi kan tí kò dára. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní World Happiness Report, èyí tí ó jáde ní ọdún 2025, yẹ ọ̀rọ̀ jíjẹun pọ̀ wò. Ó rí i pé àwọn tí ó ń bá ẹlòmíràn jẹun máa ń sọ pé ayé àwọn dára ju bí àwọn tí ó ń dá jẹun ti ń sọ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2023, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó sọ pé òun nìkan ni òun dá jẹ gbogbo oúnjẹ òun ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Iye yìí fi ìdá 53 nínú 100 pọ̀ ju ti ọdún 2003 lọ. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọ́n wọn.

Ẹ̀yin yóò sọ pé, “Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, àwa máa ń jẹun pọ̀ látijọ́.” Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ló ń dá jẹun ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹran tí ó tóbi jù, àwọn ọmọ ń jà sí abọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá tí ó se oúnjẹ sì wà ní ilé ìdáná, ó ń nu ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èyí kọ́ ni mo ní kí a padà sí. Ẹ lọ ka Sáàmù 128, kí ẹ wo bí ìyàwó àti àwọn ọmọ ti wà nínú ìbùkún ọkùnrin náà, àti ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni ẹní kan, kí gbogbo ilé jókòó sí i, kí ìyá náà sì jókòó kí ọbẹ̀ tó tutù. Ẹlòmíràn lè dìde lọ bu omi.

Ọlọ́run kò fi adùn wọ́n wa ní agbègbè yìí. Àgbàdo tuntun lórí iná, iṣu sísun àti epo, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, máńgòrò lábẹ́ igi, iná tí a yá nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi wákàtí méjì wo àwòrán ìnáwó àwọn ẹlòmíràn, iṣu sísun kò lè dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra aṣọ ẹbí, kí àwòrán wọn lè dára lórí WhatsApp. Àwòrán náà kì í pẹ́ kúrò níbẹ̀. Gbèsè náà a sì wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi pa tálákà lẹ́nu mọ́ o. Ẹni tí ó ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún obìnrin tí ó ń rìn jìnnà pọn omi, tí kò sì bá a béèrè omi lọ́wọ́ ìjọba, ìrẹ́jẹ ni ó ń bò mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó sì ń jìyà rẹ̀ jù ni ìyá àgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Bákan náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, bí ẹ kò bá jẹ́ kí wọ́n délé kí àwọn ọmọ wọn tó sùn, èwo ni ẹní tí wọn yóò jókòó sí? Ẹ̀yin olórí ìjọ náà ńkọ́, tí ẹ ń fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, tí ẹ tún ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù ní aago mẹ́wàá alẹ́? Ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ yín ni ẹ ń ná.

Ẹ fi alẹ́ ọjọ́ Àìkú bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo fóònù sínú igbá kan, ti bàbá ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ó lè ṣe àwọn ọmọ bákan ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì lè ṣe ẹ̀yin náà. Bí ipè bá wọlé láti Èkó nígbà yẹn, ẹ gbé e, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo ẹni tí ó wà lórí ẹní gbọ́, kí àwọn ọmọ sì sọ ohun tí wọ́n jẹ fún ẹni tí ó pè.