Ẹ̀yìn Ni Àrùn Wà, Ẹsẹ̀ Ni Ó Ń Dun Ni

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn ìyá tí ń ru ẹrù, àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, àti ẹni tí ó ti fi òróró pa ẹsẹ̀ títí tí kò rí ìtura.

Ìrora kan wà tí ó máa ń ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. A máa ta bí iná, ẹsẹ̀ a máa kú tipiri. Bí ẹni náà bá wúkọ́ tàbí tí ó sín, ńṣe ni ó tún ń le sí i. ‘Irqu-n-nasā ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì kan tilẹ̀ sọ pé òun ni ó ṣe Ànábì Yàkúbù tí ó fi kọ ẹran ràkúnmí sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àrùn tuntun.

Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni a tò léra, ohun rírọ̀ sì wà láàrin wọn bí òṣùká tí à ń fi sábẹ́ ẹrù. Ẹ̀gbẹ́ àwọn eegun yìí ni àwọn iṣan tí ń gbé agbára àti ìmọ̀lára kiri ara ti ń yọ jáde ní méjìméjì, ọ̀nà 31. Bí òṣùká náà bá ya tí ó sì yọ síta, a tẹ gbòǹgbò iṣan. Ibi tí iṣan náà ń lọ ni yóò sì máa ké. Bí ó bá jẹ́ ti ọrùn, apá àti ìka ọwọ́ ni yóò máa dunni. Dókítà Mixter àti Barr ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi èyí hàn kedere ní 1934.

Ẹ rí i pé òróró orí ẹsẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ “ìdí” báyìí, òun ni àwa ń sá lọ bá. Kí ọmọ máa gun ẹ̀yìn ẹni ńkọ́? Òṣùká ti ya, ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́!

Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lọ láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹ má sùn sórí ẹní látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé garawa omi, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ gbé e mọ́ra. Ẹni tí kò lè tẹ̀ rúkúù, kí ó jókòó kírun; àyè wà fún un, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí ẹni náà kò mọ ìfọwọ́kàn, bí ìtọ̀ kò bá jáde tàbí tí ó ń jáde láìmọ̀, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe òru. Àwọn ìyá wa a máa tijú láti sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ fún ọmọ, nítorí náà ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ bi wọ́n. Iṣan tí a bá tẹ̀ pẹ́ báyìí lè má padà bọ̀ sípò mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ.