Ìwé Tí Gbogbo Ayé Ń Yìn, Tí N Kò Lè Gbádùn

Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tí ń ni ènìyàn lára, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ ìwé ìtàn àròsọ kan, Nineteen Eighty-Four. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ George Orwell ni ó kọ ọ́, ọdún 1949 ni ó jáde. Ikọ́ ife ń bá a jà bí ó ti ń kọ ọ́ lọ, ó sì kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950. Àwọn ọmọ wa tí kò tíì ka ìwé náà pàápàá mọ orúkọ kan nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti yá orúkọ eré tẹlifíṣàn Big Brother, tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, tí ẹ̀yin òbí ń bá wọn jà lé lórí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé yìí tán. Mo gbà pé òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ n kò lè gbádùn rẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí á máa díbọ́n nítorí pé gbogbo ayé ń yìn ín.

Iṣẹ́ Winston Smith, tí ìtàn náà dá lé, ni láti máa tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ, kí ohun tí Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba sọ lánàá lè bá ti òní mu. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ láti ara ògiri. Ẹni tí Ẹgbẹ́ bá pa, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ bí ẹni tí a kò bí rí. Wọ́n tún wá ń pe aláṣẹ wọn ní Ẹ̀gbọ́n Ńlá! Ẹ̀gbọ́n tí àwa mọ̀ ni ẹni tó pọ̀n wá sẹ́yìn. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tó jìyà lábẹ́ ológun fẹ́ràn ìwé náà. Ní ọdún 1984 gan-an, Òfin Kẹrin sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ìròyìn tí yóò dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, òun ni wọ́n sì fi rán oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ní àárín ìwé náà, Winston bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé òṣèlú gígùn kan sí etí Julia, olólùfẹ́ rẹ̀. Ojú ewé lórí ojú ewé. Julia sùn lọ. N kò bá a wí rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ni ó dùn mí jù. Orwell sọ pé 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, Winston sì gbà pé ọwọ́ wọn ni ìrètí wà, bí ìrètí bá wà. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, tí ń sá ìlédìí ọmọ, tí ń kọrin. Winston ń wò ó láti ojú fèrèsé òkè, ó ń rò ó bí obìnrin náà ti ṣiṣẹ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ láti ọdún pípẹ́, ọkàn rẹ̀ sì wú. Kò kí i. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn agbófinró yí ilé náà ká, orin náà dákẹ́ lójijì, a gbọ́ bí ọpọ́n ìfọṣọ ti yí gbirigbiri kọjá ní àgbàlá, a gbọ́ ariwo, lẹ́yìn náà igbe ìrora. Ó tán. Ìtàn bá Winston lọ sí àtìmọ́lé, kò sì sí ẹni tó tún béèrè obìnrin náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó dìtẹ̀.

Apá kan wà tí àwọn tó ń yin ìwé náà kì í sábà mẹ́nu kàn, tí èmi rò pé ó dára jù. Winston fẹ́ darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá Ẹgbẹ́ jà. O'Brien bi í bóyá ó lè da ásíìdì sí ojú ọmọ kékeré bí ó bá máa ran ìjà náà lọ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, tí ó ń sọ pé òun sàn jù wọ́n lọ, O'Brien tan ohùn rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un láti gbọ́. Kí àwa tí a pe ara wa ní ajà-fẹ́tọ̀ọ́ ka ibẹ̀ dáadáa.

Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n gbé eku tí ebi ń pa sún mọ́ ojú Winston, ó sì kígbe pé kí wọ́n lọ fi ṣe Julia dípò òun. Ó wá parí ayé rẹ̀ nínú ìfẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ńlá. Àwọn kan ní ìrètí wà nínú àfikún ẹ̀yìn ìwé, nítorí pé ó sọ̀rọ̀ ìjọba náà bí ohun tó ti kọjá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrètí tó sá pamọ́ sínú gírámà kò lè yó mi.

Wọ́n ní akíkanjú ni Orwell, tí kò fi oyin sí i. N kò wá oyin. Peteru náà sẹ́ níbi iná ẹ̀yín, Ìwé Mímọ́ kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Johanu tún sọ ti iná ẹ̀yín kejì, ní etí òkun, tí ẹja wà lórí rẹ̀, níbi tí Jésù ti pe Peteru jẹun kí ó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Iná àkọ́kọ́ nìkan ni Orwell mọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n lù ní àgọ́ ọlọ́pàá títí wọ́n fi dárúkọ ọ̀rẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí irú wọn bá jáde, tí ojú ń tì wọ́n láti wọ ilé Ọlọ́run, ṣé ìwé yìí ni a ó nà sí wọn?

Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ kó o nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà lè kà á, ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ àti ìfìyàjẹni wà níbẹ̀, ẹ bá wọn kà á. Bí ẹ bá dé ibi tí ọpọ́n ìfọṣọ ti yí, ẹ pa ìwé dé díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé: níbo ni wọ́n gbé obìnrin yẹn lọ, ta ni yóò sì wá a?