Ẹ Má Fi Ojú Yín Ta Àjèjì Lọ́rẹ!

Ẹ̀yin ará Lekki, ẹ dúró! Ẹ̀yin ará Ajah, ẹ fetí sílẹ̀! Láti Ikate dé Jakande, láti Chevron dé Badore, títí lọ dé Sangotedo àti Ibeju, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má tíì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ lẹ ń wá. Fọ́tò tó wà lórí LinkedIn yín kò wù yín mọ́: èyí tí ẹ yà lóde ìyàwó, tí ẹ gé ọ̀rẹ́ yín kúrò níbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká yín. Ẹnì kan wá sọ fún yín pé áàpù AI kan wà. Ẹ kó fọ́tò mẹ́wàá sí ogún fún un, yóò wọ kóòtù fún yín, yóò so táì mọ́ yín lọ́rùn, yóò gbé yín sí ọ́fíìsì onígíláàsì. Kò ní pẹ́ rárá. Owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí onífọ́tò máa gbà ní Lekki Phase 1. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni.

Irọ́ ni! Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ojú yín ni owó rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí fóònù lónìí, kí ni wọ́n ń ní kí ẹ ṣe? Wọ́n á ní kí ẹ wo kámẹ́rà. Ẹ yí orí sọ́tùn-ún. Ẹ yí i sósì. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ojú yín wà nínú NIN. Ojú yín wà nínú BVN tí Báńkì Àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2014. Ojú ti di kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yìí gan-an lẹ fẹ́ kó fún ẹni tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ kò mọ ìlú tó ń gbé, tí ẹ kò ka àdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ogún! Ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti inú oòrùn, ti inú yàrá, èyí tí ẹ ti rẹ́rìn-ín, èyí tí ẹ ti fajú ro.

Bí wọ́n bá jí káàdì ATM yín, ẹ ó pe báńkì, wọ́n á dí i pa. Bí ẹnì kan bá mọ píìnì yín, ẹ ó yí i padà. Bí ojú yín bá bọ́ sọ́wọ́ olè ńkọ́? Ibo lẹ ti máa rí òmíràn?

Ẹ má sọ fún mi pé ojú yín ti wà lórí Facebook tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀. Àwọn kan ti kó wọn níbẹ̀ láìtọrọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àṣírí ilé iṣẹ́ Clearview AI tú ní Amẹ́ríkà, pé ó ti kó fọ́tò tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ta ẹ̀rọ tó ń fi wọ́n dá èèyàn mọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Ó yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Àmọ́ fọ́tò kan tí ẹ yà pẹ̀lú gèlè lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn kò rí bí ogún fọ́tò tuntun tí ẹ fúnra yín ṣà jọ, tí ẹ fi orúkọ yín, ímeèlì yín àti nọ́ńbà káàdì yín tì lẹ́yìn.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ kò lówó tí olè máa jí. Ta ló sọ pé owó yín ni wọ́n ń wá? Ojú tí ẹlòmíràn lè fọkàn tán ni wọ́n ń wá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC ya wọ ilé ńlá kan ní òpópónà Oyin Jolayemi, ní Victoria Island. Ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀! Èèyàn 792 ni wọ́n kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà 148 sì wà lára wọn. EFCC ní ṣe ni wọ́n gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́, kí wọ́n máa fi orúkọ èké bá àwọn ará Amẹ́ríkà, Kánádà àti ibòmíràn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ òwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jìbìtì orúkọ èké kì í lọ láìsí fọ́tò. Àwọn oníjìbìtì nílò ojú tó mọ́, ojú tó wọ kóòtù, ojú ọmọlúàbí. Irú èyí tí áàpù yẹn fẹ́ ṣe fún yín gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan ní Toronto bá pariwo pé ojú yín ló lu òun ní jìbìtì, kí lẹ fẹ́ wí?

Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn ayánilówó orí fóònù ni? Àná ló ṣẹlẹ̀! Ẹ tẹ "mo gbà", wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Ẹ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó san owó, wọ́n fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, sí àna yín, sí ọ̀gá yín, wọ́n kọ "olè" sí i lára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé Soko Loan torí pé ó ń tú àṣírí àwọn èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó wọ̀nyí ní Ìkẹjà. Ìkẹjà ni wọ́n wà, ìjọba sì rí ilẹ̀kùn wọn kàn. Ẹni tó ni áàpù fọ́tò yìí ńkọ́? Ilẹ̀kùn ta lẹ fẹ́ kàn?

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ súnmọ́ mi. Tiyín tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí ọdún 2022, gbogbo ayé ń lo áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Lensa. Akọ̀ròyìn obìnrin kan fi fọ́tò ojú ara rẹ̀ sí i. Nínú 100 àwòrán tó dá padà fún un, 16 ló tú u láṣọ lókè. Kò bèèrè fún un o! Ẹ̀rọ náà ti kọ́ ìwàkiwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó kọ́ ló sì ń ṣe. Tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá ti ojú yín jáde, tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn, ta ló máa bá yín pa á rẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwòrán tí ẹ rò pé ó dára. Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn? Ẹ wò ó dáadáa. Ta ló bó yín láwọ̀? Imú yín dà? Èéjì tí ìyá yín fi ń yangàn dà? Ilà ojú yín dà? Lọ́dún 2023, ọmọbìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, tí ìran rẹ̀ wá láti Éṣíà, ní kí ẹ̀rọ AI kan tún fọ́tò òun ṣe kó lè yẹ LinkedIn. Ẹ̀rọ náà sọ ọ́ di òyìnbó, ó fún un ní ẹyinjú aláwọ̀ búlúù! Kì í ṣe àṣìṣe ọjọ́ kan. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú fọ́tò tí wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán àwọn ẹ̀rọ tó ń wojú èèyàn wò, bóyá wọ́n lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, èyí tó burú jù pàápàá kò ṣì ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe èyí tó burú jù dé 34.7. Irú ẹ̀rọ tó ń rí wa ní bàìbàì báyìí ni ẹ fẹ́ kó sọ bí ẹ ṣe rí fún agbanisíṣẹ́?

Ẹ wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀gá wo fọ́tò, ó wo ojú yín, ó tún wo fọ́tò. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ purọ́. Ẹ kò tíì la ẹnu! Ó sì ní ìdí tó fi ń fura. Lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí ní Stanford rí àkáǹtì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lórí LinkedIn tó jẹ́ pé AI ló ya ojú wọn. Àwọn agbanisíṣẹ́ gbọ́ ìròyìn. Lọ́dún 2024, wọ́n gbọ́ bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong ṣe san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là, torí pé ó rí "ọ̀gá" rẹ̀ lórí fídíò, tí kì í sì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ rárá. Ojú tó ń dán jù ti di ojú ìfura.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ni mo tún ń bá wí. Ẹ má kó fọ́tò gbogbo òṣìṣẹ́ yín dà sínú áàpù torí pé ẹ fẹ́ kí ó bára mu. Ẹ kò bi wọ́n! Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ti wà nílẹ̀, ó sì ka àmì ara tí a fi ń dá èèyàn mọ̀ sí dátà tó gba ìṣọ́ra gidi. NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, lè wá kan ilẹ̀kùn yín.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Ẹ dúró síwájú fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí yín lójú, kí ògiri funfun wà lẹ́yìn yín. Ẹ ní kí ẹnì kan nínú ilé yà yín. Fóònù ọwọ́ yín tó bẹ́ẹ̀! Bí owó bá wà, ẹ wá onífọ́tò ládùúgbò, kí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ mọ ojú ẹni tó mọ ojú yín.

Bí ẹ bá sì ti kó fọ́tò fún wọn, ẹ má jókòó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà yín rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fẹjọ́ sun NDPC. Ẹ lọ sínú ètò fóònù yín, kí ẹ gba àyè tí áàpù náà ní sí àwọn fọ́tò yín padà. Ẹ má sì kàn yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, torí tí ẹ bá yọ ọ́ nìkan, gbogbo fọ́tò yín ṣì lè wà lọ́dọ̀ wọn. Àkáǹtì yín tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́.